Ẹni Tó Jókòó sí Àyè Kẹrin

Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ̀yin ni mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún, kì í ṣe òun, ẹ sì bá mi tì í padà kíákíá kó tó yọ́ wọlé tẹ̀lé yín, àbí ẹ ò mọ àbúrò yín ni? Kí ló wá sọ fún yín? Ó ní mo ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta. Òótọ́ ni. Mo tì í. Kọ́kọ́rọ́ nìyí lọ́wọ́ mi, mi ò jiyàn. Ó ní mo na fọ́ọ̀mù sí òun láti ojú fèrèsé pé kí òun kọ ọ́ kí òun tó wọlé. Òótọ́ tún ni! Ó ní mo bi òun pé ta ló lè jẹ́rìí sí òun. Mo bi í dáadáa! Ṣùgbọ́n ṣé ó sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín? Ṣé ó sọ ohun tí ojú mi ti rí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé? Kò sọ. Mo mọ̀ pé kò ní sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, ìkà èèyàn ni, ẹ̀yin kì í sì í ṣe ìkà, ìyá ọkọ dáadáa ni yín, torí náà ẹ jókòó kí n rò fún yín.

Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o! Wáyà wà lábẹ́ tìmùtìmù. Ẹ bọ́ sí ibí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká orí àga yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má mí sí i, ẹ má tilẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó ní ohun tó ń ṣe. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ́fíìsì kan náà ni èmi àti àbúrò yín ti ń ṣiṣẹ́. Èmi wà lókè, níbi tí àwa ẹnjiníà ti ń ya afárá, òun wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tútù tí wọ́n gbé sáfà sí. Sáfà yẹn, kọ̀ǹpútà bàǹtà-banta kan ni, ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó aṣọ oníbàárà sí, òun ló ń ṣe ìṣirò tó bá wúwo. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tèmi kò lè dá a ṣe, á jóná ni. Tèmi á kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, á fi ránṣẹ́ sí sáfà nísàlẹ̀, sáfà á ṣe é, á dá èsì rẹ̀ padà sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ó yẹ kó yé yín: ẹni tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń wọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nínú lọ́hùn-ún lẹ ń gé, ẹ̀yin lẹ ń rán. Tí ilẹ̀kùn àárín bá tì, ẹni iwájú á máa wọn èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú ni, aṣọ kan ò ní jáde. Ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àárín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa? Àbúrò yín! Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Afárá tí mò ń yà yìí, mo ti sọ ọ́ fún yín rí, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé kọjá lórí títì ńlá iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré kọjá láàárín ọkọ̀. Ọdún méjì ni mo ti wà lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn tí mò ń ka ẹsẹ̀ ọmọ, àwọn olùkọ́ rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kì í rìn! Ẹ bi èmi tí mo kà wọ́n. Ọmọ ń fò ni. Agogo á lù, igba ọmọ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá wá fẹsẹ̀ kilẹ̀ tó gbọ́ tó dún gbì, ó parí, gbogbo wọn á máa bá a fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi dán afárá mi wò nínú sáfà nìyẹn, kí àwọn oníṣẹ́ irin tó fọwọ́ kan irin: ìjì, ẹrù, àti igba ọmọ tó ń fò pa pọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin sì ti là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn pé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, kí n gbé èsì afárá tó yege nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Afínjú ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún.

Ẹ ò mọ Afínjú? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run yín. Ẹnì kan ni tí ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé tí ẹ bá fọwọ́ kan apá rẹ̀, á gé yín lọ́wọ́. Òun náà ti ya afárá tirẹ̀. Ó to ìkòkò òdòdó sí i lọ́tùn-ún, ó tò ó sí i lósì. Mo bi í pé tí àwọn ọmọ bá wá fò lórí ẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ohun tó dá mi lóhùn? Ó ní wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn pé "Ẹ má fò." Ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n! Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn!

Kí n má lọ jìnnà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé sáfà tuntun dé, wọ́n wá ní kí gbogbo wa so kọ̀ǹpútà wa mọ́ ọn láti ọjọ́ Ajé. Àbúrò yín gòkè wá, ó ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń so tẹni yìí, ó ń so tẹni yẹn, ó ń bá wọn ṣàwàdà, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fò mí bí ìgbà téèyàn fo kòtò. Mo ní, "Tèmi ńkọ́?" Ó tẹnu bọ̀ mí létí, ó ní tèmi ló máa kẹ́yìn, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé òun ń ṣojúsàájú fún ìyàwó òun. Mo gbà á mọ́ra. Mo ní kò burú, pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò dé. Mo ní kí n kúkú so ó fúnra mi, ṣebí mo kàwé. Mo mú bébà tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sáfà sí, mo tẹ̀ ẹ́ nọ́ńbà kan lé òmíràn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà mi ń wá a, ó ń wá a, ó ń pòyì, ó wá kọ ọ́ síta pé òun ò rí sáfà kankan. Mo bá gba ìsàlẹ̀ lọ. Fèrèsé kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ibẹ̀ ló ti ń yọjú sí èèyàn. Ó yọjú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí kò rí mi rí láyé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámú. Ṣé ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù?"

Ta ni Màdáámú?! Èmi tí mo bá a wá bọ́tìnnì rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an! Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe, mo rẹ́rìn-ín, àwọn méjì tó tò sẹ́yìn mi náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín o. Ó na fọ́ọ̀mù síta, ojú ìwé mẹ́ta. Orúkọ yín. Ẹ̀ka yín. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ so kọ̀ǹpútà yín mọ́ sáfà. Mo kọ ọ́ pé torí pé iṣẹ́ mi ni. Ta ló lè jẹ́rìí sí yín. Inú ti ń bí mi nígbà yẹn, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ìyá tó bí ọ."

Ẹ ní kí ló ṣe? Ó mú bírò pupa, ó fagi lé e! Ó ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Màmá yín o, ẹ̀gbọ́n! Obìnrin tó gbé e pọ̀n! Ó fi bírò pupa fagi lé màmá níwájú àwọn èèyàn. Mo ṣì ní bébà ọ̀hún lọ́wọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí i. Ẹ fẹ́ rí i? Ẹ fara balẹ̀, màá fi hàn yín.

Nígbà tí a délé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ọkọ mi, ọjọ́ Ẹtì ni o." Oúnjẹ mi wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ la ti ń sọ ọ́. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ló dùn mí, mo lè kọ ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀mù. Pé ó mọ ohun tí afárá yẹn jẹ́ fún mi, ó mọ iye ọjọ́ tí mo fi jókòó sínú oòrùn, ó wá jẹ́ pé ohun tí Afínjú máa sọ nípa rẹ̀ ló ká a lára jù. Ìyẹn ló dùn mí.

Nígbà tí Ọjọ́rú mọ́, mo wá ẹlẹ́rìí mìíràn ní ọ́fíìsì, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Mo tẹ àdírẹ́sì, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n, mo fò sókè! Kọ̀ǹpútà mi rí sáfà, sáfà kí i káàbọ̀, mo ti ń fọwọ́ pa ọwọ́, ni sáfà bá ní, "Kò sáyè."

Kò sáyè báwo? Ṣé bọ́ọ̀sì ni? Ó wá yé mi. Ètò tí a fi ń dán afárá wò, èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n rà á fún. Tí ẹni mẹ́rin bá ti jókòó, ẹnì karùn-ún á dúró síta títí ẹnì kan á fi dìde. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí fèrèsé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó jókòó síbẹ̀. Àyè kìíní, Afínjú. Àyè kejì àti ẹ̀kẹta, àwọn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi. Àyè kẹrin, kò sórúkọ. Nọ́ńbà lásán ni. Gbogbo ilé yẹn ni mo rìn kiri, láti tábìlì dé tábìlì, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó sí àyè kẹrin?" Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Mo bi akọ̀wé. Mo bi dírẹ́bà. Mo bi ìyá tó ń gbálẹ̀, ó ní jókòó kẹ̀, láti àárọ̀ lòun ti wà ní ìdúró.

Mo padà sí fèrèsé. Mo ní kó lé ẹni náà dìde. Ó ní ìlànà kò gbà á. Ó ní tí òun bá lé ẹnikẹ́ni, òun gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni náà àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, ọ̀gá á sì kà á, òun ò lè kọ nọ́ńbà lásán síbẹ̀. "Ẹ ní sùúrù, Màdáámú." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní irú àwọn èèyàn báyìí ló ń ba ibi iṣẹ́ jẹ́. Ó ní ẹni tó bá lè jókòó sí àyè, tó bá tirẹ̀ lọ, tí kò rántí pé ẹlòmíràn ń dúró, aláìnírònú èèyàn ni, ọ̀lẹ ni, wọn ò kọ́ ọ nílé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn o, tí mo bá fi ẹyọ kan kún un, kí ahọ́n mi wú. Wọn ò kọ́ ọ nílé! Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò, ẹ máa tó nílò rẹ̀.

Ó wá di òní. Láàárọ̀, mo tún dúró níwájú fèrèsé yẹn, mò ń wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni wo ọ̀tá, ni mo bá rí i pé wọ́n kọ àkókò tí oníkálukú wọlé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Àná ni Afínjú wọlé. Àyè kẹrin, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọjọ́ Àìkú kẹ̀? Ọ́fíìsì tì lọ́jọ́ Àìkú! Ta ló ń wọ sáfà láti ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú? Mo wá ń rò ó, mo ní aago mẹ́ta ọjọ́ Àìkú, níbo ni mo wà? Ibí yìí ni mo wà, mò ń lọṣọ. Níbo lọkọ mi wà? Ó wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n má dààmú òun, òun ń wò ó bóyá èèyàn lè bá sáfà tuntun sọ̀rọ̀ láti ilé.

Yéè! Orí mi wú. Mo gbé báàgì, mo sọ fún ọ̀gá pé inú ń run mí. Mo sáré délé, mo gun àga, mo na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa, lẹ́yìn àpótí aṣọ òtútù. Kọ̀ǹpútà ọkọ mi ni mo bá níbẹ̀, òun nìyẹn lórí àga yẹn. Ó la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, wáyà wà lára rẹ̀, ó gbóná bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó so mọ́ sáfà. Àyè kẹrin! Ẹni tí mò ń wá láti tábìlì dé tábìlì, òkè orí mi ló ń sùn sí!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa, torí èyí tó kù ló burú jù. Kí n kúkú jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo nu eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo rí wáyà tó fẹ́ yọ kúrò lára rẹ̀. Èmi náà, ìyàwó rere, mo ní kí iṣẹ́ ọkọ mi má lọ bàjẹ́, mo fi ọwọ́ ara mi tì í padà, mo tún fi nǹkan ti ìdí ẹ̀ kó má baà yọ. Ọwọ́ ara mi, ẹ̀gbọ́n! Èmi ni mo ṣọ́ ẹni tó gba àyè mi!

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò pè é? Ẹ̀gbọ́n, ṣé wèrè ló ń ṣe mí ni? Kí n pè é kó ní kí n kọ fọ́ọ̀mù? Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e sórí àga yẹn, mo gbé afárá mi wọlé, mo jókòó sí àyè kẹrin, mo fara balẹ̀. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Wákàtí mẹ́fà ló máa gbà. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa parí. Ẹ sì jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: tí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá lù, sáfà yẹn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kì í lé ẹni tó jókòó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bá tíì parí, á dà á nù, kò sì ní gba òmíràn títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Àfi tí àbúrò yín bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ sọ fún un pé kó má sùn. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan níbí nìyẹn. Kì í ṣe torí ẹ̀san ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn. Ó dáa, ẹ̀san díẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Òun ńkọ́? Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó wo ara sáfà, ó rí i pé ẹni tó ti ń sùn ní àyè kẹrin láti ọjọ́ Àìkú ti jí, ó sì ń fi gbogbo agbára sáfà ṣiṣẹ́. Ó wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ó wá rántí. Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ títí ó fi délé! Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi kúkú lé e dìde láti ibi tó wà. Ẹ bi í! Ìwé ńlá! Ó máa kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó máa kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i, ọ̀gá á kà á. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó wá fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, kó fà á yọ, kó gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí iṣẹ́ mi dà nù, kó sì máa wò mí lójú lọ́la láti fèrèsé pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màdáámú."

Ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń pariwo "Ìlànà! Ìlànà!" Mo ní ó dáa náà, ìlànà ni. Mo jókòó, mo kọ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta gẹ́lẹ́, mo nà án sí i láti ojú fèrèsé. Orúkọ yín. Ẹ̀ka yín nínú ilé yìí. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ wọlé. Ó kọ ọ́ pé torí pé ilé òun ni. Mo mú bírò pupa! Mo ní ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ló bá jù ú sílẹ̀, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ ní kí n fojú fò ó. Ẹ ní àwọn aládùúgbò ń wò ó. Kí wọ́n wò ó! Ṣé ìhòòhò ló wà ni? Mo gbé àpótí fún un láti ojú fèrèsé kó fi jókòó, mo gbé omi fún un, ó mu ún tán, ó ní kí n bu òmíràn. Ẹ yọjú wò ó, ẹ wò ó bó ṣe ká ọwọ́ sórí orúnkún bí ẹni tó ń dúró de onígbàjámọ̀. Ẹ ní ó ṣe yín láàánú? Ó ń ṣe èmi náà láàánú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì tó.

Aago mélòó ló lù? Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wò ó, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fún yín kó tó parí, kí ẹ lè bá mi lọ sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ọ̀kan, kó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ màmá. Èkejì, tó bá di ọjọ́ Ajé, kó yọ orí síta láti fèrèsé yẹn níwájú gbogbo èèyàn, níwájú Afínjú pàápàá, kó pè mí ní ohun tó ń pè mí nílé. Ẹ má bi mí ohun tó ń pè mí nílé. Ẹ̀yin àgbà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Ó dún! Ẹ gbọ́? Ó ti parí! Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan? Ẹ ṣáà dákẹ́ náà. Jẹ́ kí n wò ó. Ìjì... ó yege! Àwọ̀ ewé ló gbé wá, ẹ wò ó bó ṣe tutù lójú! Ẹrù... ó yege! Mo wí bẹ́ẹ̀ tàbí mi ò wí bẹ́ẹ̀? Afínjú, lọ máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ! Ó ku àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ...

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ bá mi wò ó. Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Àwọ̀ wo nìyí?

Ẹ ní pupa ni.

Mo rí i. Àárín rẹ̀ ló wà. Igba ọmọ, tí wọ́n bá fò nígbà mẹ́wàá pa pọ̀, àárín afárá mi á máa gbé wọn sókè, á máa jù wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Ó dáa tó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ló ti pọ́n, kì í ṣe lórí títì. Ọ̀gá ò ní gba pupa, mo mọ̀ ọ́n, á gbé e fún Afínjú kí n tó la ẹnu. Ẹ ní kí n fi méjì tó yege hàn, kí n yọ ẹ̀kẹta sẹ́yìn? Rárá o. Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Mo ka àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ojú wọn ni mo mọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò léyín iwájú, òun ló máa ń kọ́kọ́ fò.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Irin méjì ló yẹ kí n fi kún abẹ́ àárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi yà á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà, wákàtí mẹ́fà! Aago méje sì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, sáfà á dáwọ́ dúró, aago mẹ́jọ ni yóò jí, aago mẹ́sàn-án lọ̀gá ń dúró dè mí. Kò sẹ́ni tó lè ní kó má sùn àfi... àfi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ aṣínà...

Háà. Hà hà! Hà hà hà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, èwo lèyí! Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, níbo lọkọ mi wà?

Ẹ ní ọkọ wo? Ọkọ mi ni o! Olówó orí mi! Kọ́kọ́rọ́ dà? Ẹ dìde díẹ̀, ìdí yín ni mo gbé e sí! Ta ló tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn yìí pa báyìí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí ilé nìyẹn? Gbogbo ohun tí mo sọ láti ẹ̀ẹ̀kan, àwàdà ni, ẹ má sọ ọ̀kankan fún wọn. Ọkọ mi! Adé orí mi! Ẹ wọlé o, ẹ má bínú, afẹ́fẹ́ ìta yìí ò dáa fún yín, ẹ wá sinmi, ẹ wá bá mi tẹ nǹkan kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà yìí, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ! Ẹ ti dìde? Kí lẹ ń gbọn eruku ṣòkòtò fún? Níbo lẹ ń lọ? Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án o! Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń lọ, wọ́n ti dé ẹnu géètì, ẹ bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀ kí ẹ sáré, ẹ bá mi dì wọ́n mú!